Òjé tí bàbá ń yọ́ lórí ààrò: ṣé kí á gbé e síta ti tó?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́, ọ̀gá wolé-wolé. Ògbómọ̀ṣọ́ la wà, ọdẹ ni bàbá mi. Àbúrò mi wo fídíò àwọn ará Amẹ́ríkà tó ń yọ́ òjé ṣe ọta wúwo fún ìbọn ìléwọ́ Magnum, ló bá kó bátìrì ọkọ̀ tó ti kú wálé fún bàbá. Orí ààrò ìyàwó mi ni wọ́n ti ń yọ́ ọ. Ìyàwó mi lóyún, ọmọ wa sì ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rá. Ṣé tí wọ́n bá gbé e síta nítorí èéfín, ó ti tó?

Ìdáhùn: Kò tó. Èéfín lẹ̀ ń sá fún, ilẹ̀ lewu pọ̀ sí jù. Òjé ń yọ́ ní ìwọ̀n 327 lórí òṣùwọ̀n Celsius. Bí iná kò bá le jù, kì í fi bẹ́ẹ̀ di oru. Ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ á máa di ìdàrọ́ bí eérú. Ẹ wo bàbá dáadáa: wọ́n á fi ṣíbí gbọ́n ọn, wọ́n á gbọ̀n ọ́n dànù sídìí ààrò, wọ́n á fi ọwọ́ kan náà ju obì sẹ́nu. Adìyẹ á tan ibẹ̀, ọmọ á rá kọjá, á ti ìka bọ ẹnu. Láfún tí ẹ sá sítòsí kò ní yọ. Irú eruku bẹ́ẹ̀ ló pa ọmọdé tó lé ní 400 ní Zamfara lọ́dún 2010, nígbà tí wọ́n ń lọ òkúta wúrà tó ní òjé nínú agboolé.

Inú egungun ni òjé ń sá pamọ́ sí. Bí obìnrin bá lóyún, á tún jáde sínú ẹ̀jẹ̀, á dé ọ̀dọ̀ ọmọ inú. Nítorí náà, ẹ sọ fún dókítà ní ilé ìwòsàn LAUTECH pé òjé wà nílé yín, kí wọ́n lè ṣètò àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ fún ìyàwó àti ọmọ. Ẹ má dúró de gìrì tàbí inú rírun.

Bátìrì yẹn, ẹ tà á fún àwọn tó ń ra kọ́ńdẹ́ẹ̀mù. Ásíìdì wà nínú rẹ̀, àti àwọn májèlé mìíràn tó burú ju òjé lọ. Ìkòkò àti ṣíbí náà kò gbọdọ̀ padà sídìí oúnjẹ. Ẹ má gbá ilẹ̀ ibẹ̀ ní gbígbẹ. Ẹ wọ́n omi sí i, ẹ ha òkè rẹ̀ sínú àpò. Aboyún kò gbọdọ̀ sún mọ́ ọn, kò sì gbọdọ̀ fọ aṣọ tí bàbá fi ṣiṣẹ́ náà.

Ọta inú fídíò kò bá ìbọn ṣakabùlà mu rárá. Ọta wúwo tó bá há sínú rẹ̀ lè fa ìbọn ya mọ́ni lọ́wọ́. Ìbọn ìléwọ́ ọ̀hún fúnra rẹ̀, òfin ìbọn ọdún 1959 kò gbà kí ẹnikẹ́ni ní in láìgba àṣẹ ààrẹ. (Ẹ jẹ́ kí àbúrò yín gbọ́ èyí.)

Ọdẹ ni Ogunlọlá tó tẹ Ògbómọ̀ṣọ́ dó, mi ò ní kí bàbá pa iṣẹ́ tì. Àgbà ọdẹ bíi tiwọn ni kí ẹ rán sí wọn, kì í ṣe ẹ̀yin ọmọ, kó bẹ̀ wọ́n kí wọ́n máa ra ọta tó ti ṣe tán.