Ta ló kọ́kọ́ fọ ọwọ́ nínú abọ́ yẹn?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o, Bàbá Wolé-wolé. Iléṣà níbí ni mo wà, ọ́fíìsì wa kò jìnnà sí Ìṣọ̀kún. Àwa márùn-ún la jókòó sínú yàrá kan ṣoṣo, èmi ni mo kéré jù. Ọmọ ọdún 26 ni mí. Bọ̀ọ̀dá kan wà láàárín wa tí wọ́n ti lé ní àádọ́ta ọdún. Tí wọ́n bá ti gbé apá sókè báyìí, ṣe ni gbogbo wa ń dá èémí dúró. Àǹtí tó jókòó tì mí kì í fọ ọwọ́ tí wọ́n bá ti ilé ìyàgbẹ́ dé, ọwọ́ yẹn náà ni wọ́n á fi bu ẹ̀pà tí mo bá rà. Ẹnì kan ń gé èékánná lórí tábìlì, ẹnì kan ń ro imú kó tó tẹ kọ̀ǹpútà tí a jọ ń lò. Gàrí àti àjẹkù mọ́ínmọ́ín kì í sì í tán nínú dúrọ́ọ̀ wa. Mo ti ń fín lọ́fínńdà kiri yàrá tí Bọ̀ọ̀dá bá ti wọlé. Mo tiẹ̀ kọ ìwé pélébé kan tí mi ò fi orúkọ sí, mo fi í sórí tábìlì wọn. Láti ọjọ́ náà, wọn kì í fi bẹ́ẹ̀ bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀ mọ́. Báwo ni ọmọdé ṣe ń sọ irú èyí fún àgbà, sà?

ÌDÁHÙN: Ọmọ mi, kí n tó dá ọ lóhùn, jẹ́ kí èmi náà bi ọ́: tí ẹ bá fẹ́ jẹun ọ̀sán ní ọ́fíìsì yín, báwo lẹ ṣe ń fọ ọwọ́?

Mo mọ èsì rẹ̀. Ọdún 31 ni mo fi ṣe wolé-wolé, mi ò lè ka iye ọ́fíìsì tí mo wọ̀ ní Iléṣà àti agbègbè rẹ̀. Ẹ óò bu omi sínú abọ́ kan. Bọ̀ọ̀dá ni yóò kọ́kọ́ ki ọwọ́ bọ̀ ọ́, nítorí àwọn ni àgbà. Àǹtí tó ti ilé ìyàgbẹ́ dé á tẹ̀ lé wọn. Lẹ́yìn náà, ẹni tó ń ro imú. Nígbà tí abọ́ yẹn yóò fi dé ọ̀dọ̀ rẹ, omi ti fẹ́rẹ̀ẹ́ di ọbẹ̀. Ìwọ tí ìdọ̀tí ń bí nínú jù nínú yàrá náà lò ń fi ẹ̀gbin gbogbo wọn wẹ ọwọ́. Bí ọmọdé bá mọ ọwọ́ wẹ̀, a bá àgbà jẹun. Wọn ò sọ fún ọmọdé náà pé omi tí àgbà ti lò ló máa kù fún un.

Òórùn ló ká ọ lára, ṣùgbọ́n ọwọ́ ni kó o bẹ̀rù. Òórùn abíyá kì í kó àrùn ran ẹnikẹ́ni. Ọwọ́ tí kò kan ọṣẹ lẹ́yìn ìgbẹ́ ni onígbáméjì, táífọ́ọ̀dù, ìgbẹ́ gbuuru àti ẹyin aràn máa ń bá wọ ẹnu ẹlòmíì, imú rẹ kò sì ní gbọ́ òórùn kankan kó o lè sá.

Ó máa ń dun èèyàn tí wọ́n bá sọ pé ọwọ́ rẹ̀ dọ̀tí. Ní ìlú Vienna lọ́dún 1847, dókítà kan tó ń jẹ́ Ignaz Semmelweis ṣàkíyèsí pé àwọn dókítà tó ń ti ibi tí wọ́n ti ń la òkú bọ̀ ni wọ́n ń lọ gbẹ̀bí, àwọn ìyálọ́mọ sì ń kú bí ẹ̀rùn. Ó ní kí wọ́n máa fi omi tí a po kẹ́míkà sí fọ ọwọ́ ná. Ikú náà dín kù gan-an. Ǹjẹ́ wọ́n dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀? Púpọ̀ nínú àwọn dókítà ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ló bínú sí i pé ó pe àwọn ní ẹlẹ́gbin. Tí àwọn dókítà bá lè bínú báyẹn, kí lo rò pé Àǹtí yóò ṣe?

Nítorí náà, má sọ nǹkan kan fún Àǹtí. Lọ sí ọjà Àtàkúnmọ̀sà, kó o ra bútà kan àti ọṣẹ. Àwọn Mùsùlùmí ti mọ èyí tipẹ́, omi tó ń ṣàn ni wọ́n fi ń ṣe àlùwàlá. Tó bá di àsìkò oúnjẹ, gbé abọ́ sílẹ̀ kó máa gba ìdọ̀tí, kó o kúnlẹ̀ níwájú Bọ̀ọ̀dá, kó o fi ọṣẹ lé wọn lọ́wọ́, kó o máa da omi sí i. Lẹ́yìn wọn, Àǹtí. Àgbà wo ló máa sọ fún ọmọdé tó kúnlẹ̀ tó ń da omi sí i lọ́wọ́ pé òun ò fọ? Ipò ọmọdé tó o rò pé ó dì ọ́ lọ́wọ́, òun gan-an ni ọgbọ́n rẹ wà. Fífọ náà kò gbọ́dọ̀ dín ní ogún ìṣẹ́jú-àáyá: ẹ̀yìn ọwọ́, àárín ìka, abẹ́ èékánná.

Ti ẹnu ọ̀nà ilé ìyàgbẹ́, rọ́bà elẹ́nu ẹ̀rọ ló tó, níwọ̀n bí omi ẹ̀rọ kì í ti í yọ déédéé. Gbogbo ọ́fíìsì ló gbé e síta nígbà Ebola lọ́dún 2014, wọ́n tún gbé e síta nígbà Kòrónà lọ́dún 2020. Níbo ló wá wọlé sí? Mo rí ọ̀kan ní ọ́fíìsì kan tí wọ́n fi ń tọ́jú ìrẹsì ọdún! Ìta ilẹ̀kùn ni kẹ́ ẹ gbé tiyín sí, kì í ṣe inú. Ẹni tó ń jáde bọ̀ yóò rí i pé ojú ń wo òun. Sanitáísà dára nígbà tí omi bá wọ́n, tí ọtí inú rẹ̀ bá tó ìdá 60 nínú ọgọ́rùn-ún, ṣùgbọ́n kì í pa ẹyin aràn, kò sì wúlò púpọ̀ lórí ọwọ́ tó dọ̀tí gan-an. Ní ti ẹ̀pà rẹ, tinú ìgò ni kó o máa rà. Ọwọ́ kò wọ ìgò. Wàá máa dà á sí wọn lọ́wọ́ ni.

Ó wá ku Bọ̀ọ̀dá.

Òógùn fúnra rẹ̀ kò fẹ́rẹ̀ẹ́ ní òórùn. Àwọn kòkòrò tíntìntín tó ń gbé ara wa ló ń jẹ èyí tó ń jáde lábẹ́ abíyá, ohun tí wọ́n bá sọ ọ́ dà ni imú ń gbọ́. Aṣọ tó jẹ́ kìkì pọliẹ́sítà máa ń di òórùn yìí mú ju òwú lọ, ó lè tutù lẹ́yìn fífọ̀ kó tún jí padà lágogo mẹ́wàá tí NẸ́PÀ bá ti mú iná lọ. Imú sì tètè máa ń mọ́ ohun tó bá ń gbọ́ lára: ẹni tó ń rùn kì í gbọ́ tara rẹ̀. Ó ṣeé ṣe kí Bọ̀ọ̀dá máa wẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì lóòjọ́ kó má mọ nǹkan kan. Àìsàn náà wà tó ń mú òógùn pọ̀ ju ti ẹlòmíì lọ. Tí òórùn èèyàn bá ṣàdédé yí padà, tí ẹnu rẹ̀ ń rùn bí èso tó ti pọ́n jù, tí òùngbẹ ń gbẹ ẹ́ tó sì ń rù, kí ó lọ ṣe àyẹ̀wò àtọ̀gbẹ ní ilé ìwòsàn Wesley Guild kíá. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ ọṣẹ nìyẹn.

Ìtọ́jú òórùn abíyá kò le. Kó fi ọṣẹ àti kànìnkànìn fọ abíyá dáadáa, kó nù ún gbẹ, kó dín irun ibẹ̀ kù, kó fi álọ́ọ̀mù pa á, kó má sì wọ ṣẹ́ẹ̀tì kan lẹ́ẹ̀mejì láìfọ̀. Àwọn kan ń fi ọsàn wẹ́wẹ́ pa abíyá. Mi ò fọwọ́ sí i: tí oòrùn bá pa ibi tí omi ọsàn náà kàn, ó lè bó, kó sì dúdú fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan.

Ta ni yóò sọ ọ́? Kì í ṣe ìwọ, kì í sì í ṣe ẹ̀yin mẹ́rin lẹ́ẹ̀kan. Má gbé e sórí WhatsApp. Jọ̀wọ́, má lọ bá ìyàwó wọn. Ìjà tí yóò bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀, o ò ní lè parí rẹ̀. Ọkùnrin ẹgbẹ́ wọn tí wọ́n jọ ń ṣeré ni kó o bá sọ̀rọ̀, kó mú wọn síta, kó sì sọ ọ́ bí ẹni ń sọ ti ara rẹ̀: “Ẹ̀gbọ́n, ooru ọ́fíìsì yín yìí pọ̀ o. Èmi náà, àfi ìgbà tí mo bẹ̀rẹ̀ sí í lo álọ́ọ̀mù tí mo sì ń mú ṣẹ́ẹ̀tì kejì dání ni abíyá mi tó gbádùn. Ẹ gbìyànjú rẹ̀.” Kò gbọ́dọ̀ fi “wọ́n ní” sí i. Tí Bọ̀ọ̀dá bá ti gbọ́ “wọ́n ní” báyìí, wọn yóò bẹ̀rẹ̀ sí í wá ẹni tó sọ ọ́.

Àwa Ìjẹ̀ṣà mọ ọ̀nà kejì, ọ̀nà Òṣómàáló. Àwọn bàbá wa tó ń ta aṣọ láwìn máa ń lọ lóṣòó síwájú ilé onígbèsè, kí gbogbo àdúgbò lè rí i. Ìtìjú yẹn gba owó fún wọn. Ṣùgbọ́n wọ́n ti ṣe é fún èmi náà rí, mo sì mọ ohun tó gbà.

Mo ṣì jẹ́ ọ̀dọ́ lẹ́nu iṣẹ́. Kákí kan ni mo máa ń wọ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta, orí kẹ̀kẹ́, nínú oòrùn. Mo dúró ti ìyá kan tó ń dín àkàrà, mo ní kí wọ́n bo ata lílọ̀ wọn nítorí eṣinṣin. Ìyá náà fi ọwọ́ bo imú níwájú àwọn oníbàárà, wọ́n ní, “Wolé-wolé, ta ló ń wo tìẹ?” Gbogbo ibẹ̀ bú sẹ́rìn-ín. Ǹjẹ́ mo lọ wẹ̀? Rárá o. Ìwé ìkìlọ̀ ni mo já fún wọn. Ojú ń tì mí títí dòní, torí ẹ̀ṣẹ̀ wọn kò tó bẹ́ẹ̀. Ọ̀sẹ̀ kan lẹ́yìn náà ni ọ̀gá mi àgbà kan pè mí sí ẹ̀yìn ilé, ó fi álọ́ọ̀mù tó ká sínú ìwé lé mi lọ́wọ́, ó ní, “Èyí ni mo fi ń ṣe é,” ó sì ń bá tirẹ̀ lọ. Mi ò tíì fi kákí kan ṣe ọjọ́ méjì láti ìgbà náà.

Lọ́fínńdà tí ò ń fín kiri, dá a dúró. Bọ̀ọ̀dá ti mọ̀ pé nítorí àwọn ni. Tí ẹnì kan bá tún ní ásímà nínú yàrá yẹn, o lè dá àìsàn sí i lára. Ṣí fèrèsé.

Gàrí inú dúrọ́ọ̀ lo kàn fẹnu bà kọjá, ṣùgbọ́n ká ní mo ṣì wà lẹ́nu iṣẹ́ ni, ibẹ̀ ni mo máa kọ́kọ́ ṣí. Eku ló ń jẹ àjẹkù yẹn lóru. Eku ló sì ń gbé ibà Lásà kiri, àìsàn tí wọ́n kọ́kọ́ dá mọ̀ lọ́dún 1969 ní ìlú Lassa ní Borno. Ìlú Ọ̀wọ̀ tí àìsàn yìí ti ń pa èèyàn kò jìnnà sí wa. Eku á tọ̀ sínú gàrí tí a ò bò, ẹ ó bomi tútù sí i lọ́sàn-án, ẹ ó mu ún. Iná kò kàn án. Kí gàrí wà nínú ike tó ní ọmọrí líle, kí àjẹkù sì kúrò nínú yàrá kẹ́ ẹ tó ti ilẹ̀kùn. Èyí ni kó o lọ bá ọ̀gá yín sọ ní gbangba. Kò kan ara ẹnikẹ́ni, kò sẹ́ni tí yóò bínú.

Èékánná orí tábìlì, ìríra lásán ni. Fi bébà sílẹ̀ fún un kó máa gé e sí. Ti ẹni tó ń ro imú, fi òwú àti sípíríìtì nu bọ́tìnnì kọ̀ǹpútà náà kó o tó lò ó, kó o má sì fọwọ́ kan ojú kó o tó fọ ọwọ́.

Ìwé pélébé yẹn wá ńkọ́? Ẹ̀yin márùn-ún péré lẹ wà nínú yàrá, Bọ̀ọ̀dá ló sì ń gba ìwé iṣẹ́ rẹ wò lójoojúmọ́. Ọmọ mi, wọ́n mọ ẹni tó kọ ọ́. Tètè dé ọ́fíìsì lọ́jọ́ Ajé, kí àwọn yòókù tó dé, kó o kúnlẹ̀, kó o ní, “Bọ̀ọ̀dá, èmi ni, ẹ forí jì mí, kò yẹ kí n ṣe é bẹ́ẹ̀.” Má ṣàlàyé. Má dárúkọ òórùn. Tí wọ́n bá ti ní kó o dìde, dìde, kó o lọ pọn omi sínú bútà.