Aṣọ Ìbora tí A Fọwọ́ Hun fún Ọmọ Tuntun

Ìbéèrè: Ọmọbìnrin mi fẹ́rẹ̀ẹ́ bímọ, mo sì fẹ́ hun ṣọ́ọ̀lù fún ọmọ náà. Irú òwú wo ni kí n rà? Ṣé mo lè fi káńfọ̀ tọ́jú rẹ̀ sínú àpótí? — Ìyá kan, Ìbàdàn.

Ìdáhùn: Ẹ kú ìmúra, ìyá wa, a ó gbóhùn ìyá, a ó gbóhùn ọmọ. Òwú gidi ló yẹ ilẹ̀ olóoru bíi tiwa, nítorí pé ó ń fa òógùn mu, kì í sì í sábà yún ara ọmọ bí èyí tí wọ́n fi irun àgùntàn ṣe. Ẹ má ṣe jẹ́ kí ihò rẹ̀ fẹ̀, kí ìka ọmọ má baà há sí i. Ẹ fi omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ fọ̀ ọ́, kí ẹ sì tẹ́ ẹ sílẹ̀ kó gbẹ, torí pé bí ẹ bá fi kọ́ sórí okùn, yóò fà.

Ọ̀rọ̀ káńfọ̀ ni mo fẹ́ kí ẹ gbọ́ dáadáa. Ọ̀pọ̀ ọmọ wa ni a bí pẹ̀lú àìtó èròjà inú ẹ̀jẹ̀ tí àwọn dókítà ń pè ní G6PD, bí irú ọmọ bẹ́ẹ̀ bá sì ń fa òórùn káńfọ̀ símú láti ara aṣọ, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ lè máa bàjẹ́, kí ibà pọ́njú sì mú un débi tí yóò fi ba ọpọlọ rẹ̀ jẹ́. Inú ọ̀rá mímọ́ tí ẹ dì lẹ́nu ni kí ẹ kó ṣọ́ọ̀lù náà sí, láìfi ohunkóhun sí i. Bí ojú ọmọ bá pọ́n, ilé ìwòsàn ni kí ẹ gbé e lọ kíá, kì í ṣe inú oòrùn.

Títí ọmọ yóò fi pé ọdún 1, ẹ má ṣe fi ṣọ́ọ̀lù náà bò ó sílẹ̀ lórí ibùsùn bó bá ń sùn, nítorí ó lè bò ó nímú.