Àtọ̀gbẹ ọmọ tí kò tíì pé oṣù mẹ́fà: ẹ béèrè àyẹ̀wò jíìnì

Ìyá ìkókó, ẹ kú ìtọ́jú, ẹ kú àìsùn. Ẹ béèrè bóyá òótọ́ ni pé ọmọ yín, ọmọ oṣù mẹ́ta tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ bá àtọ̀gbẹ lára rẹ̀, yóò máa gba abẹ́rẹ́ ínsúlínì títí ayé. Àìsàn yìí mú ọmọ tèmi náà ní ìkókó, ohun tí a sì là kọjá ló jẹ́ kí n bẹ̀ yín pé kí ẹ má tíì gba ọ̀rọ̀ "títí ayé" yẹn. Àtọ̀gbẹ tó bá yọjú kí ọmọ tó pé oṣù mẹ́fà kì í sábà jẹ́ irú kìíní, èyí tó ń gba ínsúlínì títí ayé. Àṣìṣe nínú jíìnì kan ṣoṣo ló sábà máa ń fà á, KCNJ11 àti ABCC8 sì wà lára àwọn jíìnì tó máa ń fà á jù.

Ó yẹ kí ẹ mọ iṣẹ́ tí jíìnì méjèèjì yìí ń ṣe. Lára sẹ́ẹ̀lì bẹ́tà tó ń ṣe ínsúlínì nínú páńkíríásì, àwọn ẹnu-ọ̀nà tíntìntín wà tí pòtásíọ̀mù ń gbà jáde; jíìnì méjèèjì yìí ló ní àṣẹ tí sẹ́ẹ̀lì fi ń kọ́ ẹnu-ọ̀nà náà. Níwọ̀n ìgbà tí wọ́n bá ṣí sílẹ̀, agbára iná ara sẹ́ẹ̀lì náà á wà ní nǹkan bíi mílífóltì 70 nísàlẹ̀ òdo, ínsúlínì kò sì ní jáde. Bí ọmọ bá mu ọmú, tí ṣúgà wọ inú sẹ́ẹ̀lì, sẹ́ẹ̀lì á fi ṣe èròjà agbára tó ń jẹ́ ATP. ATP á ti ẹnu-ọ̀nà pòtásíọ̀mù, agbára iná á gòkè, ẹnu-ọ̀nà mìíràn á ṣí fún kálísíọ̀mù, kálísíọ̀mù tó wọlé yìí ló sì ń mú kí ínsúlínì tú sínú ẹ̀jẹ̀. Ní 1984 ni onímọ̀ sáyẹ́ǹsì Frances Ashcroft àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Oxford, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, fi hàn pé ṣúgà a máa mú kí ẹnu-ọ̀nà pòtásíọ̀mù yìí tì. Ní ti ọmọ wa, ATP ń dé, ẹnu-ọ̀nà kọ̀, kò tì. Ẹ̀yìn ìwé àyẹ̀wò ni dókítà ti ya gbogbo rẹ̀ fún mi, ìgbà yẹn ló tó yé mi pé ínsúlínì wà nínú sẹ́ẹ̀lì, àṣẹ àtijáde ni kò rí gbà.

Oògùn oníhóró tó ń jẹ́ glibenclamide, tí àwọn àgbà mọ̀ sí Daonil, máa ń di apá ibòmíràn mú lára ẹnu-ọ̀nà náà, á sì tì í láìdúró de ATP. Ní 2004 ni àwọn olùṣèwádìí Anna Gloyn, Andrew Hattersley àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn kéde pé àṣìṣe nínú KCNJ11 ń fa àtọ̀gbẹ ìkókó. Nígbà tó fi di 2006, nínú ènìyàn 49 tó ní àṣìṣe náà tí wọ́n fún ní irú oògùn yìí, 44 ló fi ínsúlínì sílẹ̀.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ṣe dá ínsúlínì dúró fúnra yín. Bí ó bá jẹ́ jíìnì INS, èyí tí sẹ́ẹ̀lì fi ń ṣe ínsúlínì gan-an, ló ní àṣìṣe, oògùn yìí kò ní ràn án. Ilé ìwòsàn ni wọ́n ti ṣe ìyípadà fún ọmọ wa: bí oògùn ṣe ń gòkè ni ínsúlínì ń wálẹ̀, tí a ń gún gìgísẹ̀ rẹ̀ tọ̀sán-tòru láti wo ṣúgà. Mo máa ń lọ hóró náà kúnná, mo ń pò ó mọ́ omi, mo sì ń fi sírínjì tí kò ní abẹ́rẹ́ fún un lẹ́nu. Ìwọ̀n tí ọmọ ń lò, bí a bá fi wé bí ó ṣe wúwo tó, lè pọ̀ ju ti àgbà lọ. Kí ẹ̀rù má bà yín.

Yàrá àyẹ̀wò ìjìnlẹ̀ jíìnì ní Exeter, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ń ṣe àyẹ̀wò yìí lọ́fẹ̀ẹ́ fún ọmọ orílẹ̀-èdè èyíkéyìí tí wọ́n bá àtọ̀gbẹ lára rẹ̀ kó tó pé oṣù mẹ́sàn-án. Dókítà yín ló máa fi ẹ̀jẹ̀ ránṣẹ́. Bí ẹ bá ti ń bá a sọ ọ́, ẹ jẹ́ kó mọ̀ pẹ̀lú bí gìrì bá ti gbé ọmọ rí, tàbí bí ọrùn rẹ̀ kò bá tíì le, nítorí irú ẹnu-ọ̀nà kan náà wà nínú ọpọlọ.