Òwe ẹṣin àti odò, àti ìbò àwọn ọmọ ogun ní 1864

Ìbéèrè: Wọ́n ní Abraham Lincoln sọ pé kò dára kéèyàn pààrọ̀ ẹṣin nígbà tó bá ń la odò kọjá. Kí ló ní lọ́kàn? Ṣé àwọn ọmọ ogun tirẹ̀ gbà á gbọ́?

Ìdáhùn: Oṣù Kẹfà 1864 ló sọ ọ́, nígbà tí àwọn èèyàn wá kí i kú oríire pé wọ́n tún fà á kalẹ̀ fún ipò ààrẹ. Ó ní kì í ṣe pé òun lòun dára jù ní Amẹ́ríkà. Ogun abẹ́lé láàrin Àríwá Amẹ́ríkà, ìyẹn ẹ̀gbẹ́ Lincoln, àti Gúúsù, tó ti wọ ọdún kẹrin, ni odò náà, òun Lincoln sì ni ẹṣin. Ẹni tó bá sọ̀ kalẹ̀ láàrin omi, omi lè gbé e lọ kó tó gun òmíràn. Ẹ má ṣì í gbọ́ o: kò ní kí wọ́n má dìbò. Ìbò wáyé ní ọjọ́ 8 Oṣù Kọkànlá, ìbọn ṣì ń dún.

Àwọn ọmọ ogun gan-an ni òwe yìí ká lára, torí wọ́n mọ ẹṣin kejì, ìyẹn ẹni tó ń bá Lincoln du ipò náà, dáadáa. Ọ̀gágun George McClellan ni. Òun ló kọ́ ẹgbẹ́ ọmọ ogun Potomac, ọ̀kan lára àwọn ẹgbẹ́ ọmọ ogun ńlá ti Àríwá, níṣẹ́ ogun. Wọ́n fẹ́ràn rẹ̀ gidigidi, ó sì dun ọ̀pọ̀ wọn nígbà tí Lincoln yọ ọ́ ní 1862. Ṣùgbọ́n ẹgbẹ́ Democrat tó fà á kalẹ̀ ní Chicago kọ ọ́ sínú ìwé ìpinnu wọn pé ogun náà ti kùnà, kí ìjà dáwọ́ dúró. McClellan fúnra rẹ̀ yẹra fún ọ̀rọ̀ yìí: ó ní òun ò lè wo ojú àwọn tí àwọn jọ jagun kí òun sọ pé lásán ni wọ́n ṣe é. Ẹ̀pa ò bóró mọ́. Ta ló máa sin ọ̀rẹ́ rẹ̀ tán, tó máa wá fọwọ́ ara rẹ̀ dìbò pé ikú ọ̀rẹ́ náà já sí asán? Nínú ìbò ọmọ ogun tí wọ́n kà lọ́tọ̀, Lincoln rí nǹkan bí ìdá 78 nínú ọgọ́rùn-ún. Ní gbogbo orílẹ̀-èdè, ìdá 55 ni.

Ìpínlẹ̀ púpọ̀ ṣòfin tuntun kí àwọn ọmọ ogun lè dìbò látinú àgọ́. Indiana kọ̀ ní tirẹ̀, ni Lincoln bá kọ̀wé sí Sherman, ọ̀kan lára àwọn ọ̀gágun rẹ̀, pé, bí kò bá ní pa ogun lára, kó jẹ́ kí àwọn ọmọ ogun tó wá láti Indiana lọ dìbò nílé. Ó fi kún un pé òun ò pàṣẹ o.

Síbẹ̀, kì í ṣe gbogbo ẹnu ló ráyè sọ̀rọ̀. Àwọn ọ̀gá ológun kan tó ń ti McClellan lẹ́yìn pàdánù iṣẹ́ wọn. Èyí tó sì dùn mí jù ni ti àwọn ọmọ ogun aláwọ̀ dúdú, àtọmọdọ́mọ àwọn tí wọ́n kó lẹ́rú láti ilẹ̀ wa níhìn-ín. Wọ́n tó nǹkan bí 180,000 tó wọṣẹ́ ogun náà títí tó fi parí. Òmìnira àwọn èèyàn wọn wà nínú ohun tí wọ́n ń dìbò lé lórí, bẹ́ẹ̀ òfin ìpínlẹ̀ kò gba ọ̀pọ̀ jù lọ wọn láyè láti dìbò.