Kí ló dé tí n kì í lè nàró bí mo bá dìde lórí àpótí?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, Dókítà. Igbá ni mo ń fín l'Ọ̀yọ́. Bí mo bá ti jókòó sórí àpótí láti àárọ̀, tí mo wá fẹ́ dìde, n kì í lè nàró. Ìsàlẹ̀ ẹ̀yìn á máa fà mí títí dé òkè itan níwájú. Ìyàwó mi ní jẹ̀díjẹ̀dí ni, pé kí n jáwọ́ nínú ṣúgà. Ṣé lóòótọ́ ni?

Ìdáhùn: Ẹ kú ìjókòó, sà. Ẹ fi ti ṣúgà sílẹ̀ ná. Pẹ̀lú àlàyé yín yìí, iṣan kan tó fara pamọ́ sẹ́yìn ìfun ni mo kọ́kọ́ fura sí. Psoas là ń pè é. Ẹ ó ti rí ti màlúù lọ́dọ̀ alápatà: ẹran gígùn tó rọ̀ múlọ́múlọ́, tó lẹ̀ mọ́ eegun ẹ̀yìn láti inú.

Tiwa náà, ọ̀kan lọ́tùn-ún, ọ̀kan lósì, ara eegun ẹ̀yìn ló ti bẹ̀rẹ̀, láti ibi tí eegun ìhà tó kẹ́yìn so mọ́ wá sísàlẹ̀. Ó kọjá níwájú oríkèé ìbàdí, ó sì lọ so mọ́ kókó kékeré kan lókè eegun itan, lápá inú. Òun ló ń gbé itan sókè bí ẹ bá ń gun àtẹ̀gùn. Kíndìnrín ò jìnnà sí i, ìyẹn ni ìrora wọn fi máa ń jọra.

Lórí àpótí kúkurú, orúnkún yín ga ju ìdí lọ, iṣan yìí á sì ká jọ fún ọ̀pọ̀ wákàtí. Bí ẹ bá wá dìde, tí kò tíì fẹ́ nà, eegun ẹ̀yìn ló máa fà síwájú.

Ẹ wá àga tó ga díẹ̀, kí ẹ sì máa dìde rìn ní bí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú sí ara wọn. Lálẹ́, ẹ kúnlẹ̀ lórí ẹní pẹ̀lú orúnkún kan, kí ẹsẹ̀ kejì wà níwájú. Ẹ fún ìdí pọ̀, kí ẹ rọra ti ìbàdí síwájú títí ẹ ó fi mọ̀ ọ́n lókè itan ẹsẹ̀ tó kúnlẹ̀. Ìṣẹ́jú àáyá 30, ẹ̀ẹ̀mẹta fún ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Ẹ má ṣe tẹ ẹ̀yìn kọdọrọ o, ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ti ń bà á jẹ́.

Ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi àdí tẹ ikùn yín wọnú pé òun ń wá iṣan yìí. Òpó ẹ̀jẹ̀ ńlá wà nítòsí ibẹ̀.

Ṣùgbọ́n bí ibà bá wà ńbẹ̀, tí ẹ ń rù, tí ẹsẹ̀ ń kú tipiri, tàbí tí ìtọ̀ ń yọ́ lára yín, ilé ìwòsàn ni kí ẹ gbà lọ lọ́jọ́ náà gan-an. Ikọ́ ife tó bá mú eegun ẹ̀yìn lè da ọyún sínú iṣan yìí.