Ẹ Bi Wá: Bí Wọ́n Bá Dí Ọ̀nà, Báwo La Ṣe Ń Délé?

Lẹ́tà mẹ́rin la mú nínú àwọn tó wọlé ní oṣù yìí, nítorí pé ọ̀rọ̀ kan náà ni gbogbo wọn ń sọ: ọjọ́ ìwọ́de, títì tó dí, àti ẹni tó jáde nílé láàárọ̀ tí kò mọ bí òun yóò ṣe padà. Èkó tàbí ọ̀nà Èkó ló wà nínú gbogbo wọn, nítorí náà Èkó ni ìdáhùn wa dá lé.

*Ẹ̀yin olóòtú wa, ẹ kú iṣẹ́ o. Ìkòròdú ni mo ń gbé, Màrínà sì ni mo ti ń ṣe akọ̀wé. Ní ọjọ́ 20 oṣù Kẹwàá ọdún 2020, ọ̀sán gangan ni ọ̀gá wa ní kí a máa lọ sílé nítorí òfin kónílé-ó-gbélé. Mo kúrò ní ọ́fíìsì ní aago kan, aago mẹ́wàá alẹ́ sì ti kọjá kí n tó fojú kan àwọn ọmọ mi. Ẹsẹ̀ ni mo fi rìn láti Ọjọ́ta dé Mile 12. Láti ìgbà náà ni ọkọ mi ti ń sọ pé bí irú rẹ̀ bá tún ṣẹlẹ̀, ojú omi ni kí n gbà. Ẹ̀rù omi ń bà mí. Kí ni ẹ rí sí i?*
Ìyá Tóyìn, Ìkòròdú

Ìyá Tóyìn, ẹ kú ewu ọjọ́ náà. Kí a tó dé orí omi, ẹ jẹ́ kí a wo ohun tó fa ìyà tí ẹ jẹ, nítorí kì í ṣe ìwọ́de nìkan ló dí ọ̀nà lọ́jọ́ náà. Ní nǹkan bí aago méjìlá ọ̀sán ni Gómìnà Babájídé Sanwó-Olú kéde pé, láti aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ sí ní títì mọ́ àfi àwọn tí iṣẹ́ wọn jẹ mọ́ ìtọ́jú àti ìdóòlà ẹ̀mí. Nǹkan bíi wákàtí mẹ́rin péré ni gbogbo Èkó ní láti fi wọlé. Àwọn ọ̀dọ́ tó ń bá ẹ̀ka ọlọ́pàá SARS jà ti wà ní ojú títì fún bí ọ̀sẹ̀ méjì, afárá Third Mainland wà lábẹ́ àtúnṣe láti oṣù Keje ọdún náà, ọ́fíìsì gbogbo sì tú sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà bí ilé ẹ̀kọ́ tí aago rẹ̀ lù. Nígbà tí ìjọba rí i pé àwọn èèyàn há sójú ọ̀nà, wọ́n sún àkókò náà sí aago mẹ́sàn-án alẹ́. Ṣùgbọ́n ẹni tí bátìrì fóònù rẹ̀ ti kú ní Ọbáléndé, báwo ni yóò ṣe gbọ́ ìkéde kejì? Aago mẹ́rin ni yóò ṣì máa sá fún.

Ohun tí mo máa ń sọ fún gbogbo ẹni tó bá bi mí ni pé, ní irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀, ẹni tó ń ti Erékùṣù bọ̀ tó ń lọ sí ẹ̀yìn Mile 12 kò gbọdọ̀ fi ilé ara rẹ̀ ṣe ibi kan ṣoṣo tó ń lọ. Ẹ ní ibi mẹ́ta lọ́kàn tí ẹ lè sùn: ọ̀kan ní Erékùṣù níbi tí ẹsẹ̀ lè gbé yín dé láti ọ́fíìsì, ọ̀kan ní agbègbè Yábàá tàbí Èbúté Mẹ́ta, ọ̀kan ní Kẹtú. Ó lè jẹ́ ilé ìbátan, ó lè jẹ́ ti ẹlẹgbẹ́ yín níbi iṣẹ́ tàbí ti ọmọ ìjọ yín. Ọjọ́ tí ìlú bá tòrò ni kí ẹ ti bá onílé sọ ọ́, kí ó má jẹ́ pé òru ni ẹ óò ṣẹ̀ṣẹ̀ máa kan ìlẹ̀kùn tí ẹ óò máa ṣàlàyé ara yín. Ní oṣù Kìíní ọdún 2012, nígbà tí ìjọba yọ owó ìrànwọ́ orí epo tí lítà bẹntiróòlù kan fò láti náírà 65 sí 141, èmi tí mo ń kọ èyí sun òru kan nínú ṣọ́ọ̀bù aránṣọ kan ní Maryland, lórí àjákù aṣọ tí wọ́n kó jọ fún mi. Ẹ̀fọn kò jẹ́ kí n sùn dáadáa. Síbẹ̀, nígbà tí mo délé lọ́jọ́ kejì, aṣọ ni mo bọ́, mo wẹ̀, mo sì jẹun. Ẹni tó jọ kúrò níbi iṣẹ́ pẹ̀lú mi tó ní dandan òun gbọ́dọ̀ délé lóru náà, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ló fi tọ́jú orúnkún tó fọ́ nígbà tí èrò ń sá lu ara wọn.

Ní ti omi, ọkọ yín kò jẹ̀bi. Ìdí tí ọ̀nà Ìkòròdú fi máa ń dí ju ọ̀pọ̀ ọ̀nà lọ ni Ọjọ́ta. Ibẹ̀ ni ọgbà Gani Fáwẹ̀hìnmí wà, ibẹ̀ ni èrò kóra jọ sí ní ọdún 2012, àti nígbà tí wọ́n fẹ́ wọ́de lórí ebi àti ọ̀wọ́n gógó ní oṣù Kẹjọ ọdún 2024, ilé ẹjọ́ gíga ti ìpínlẹ̀ Èkó pàṣẹ pé ọgbà yìí àti Peace Park tó wà ní Kẹtú nìkan ni kí wọ́n ti ṣe é. Ẹni tó bá mọ ilẹ̀ yóò rí i pé ojú ọ̀nà tí ẹ ń gbà lọ sílé gan-an ni méjèèjì wà. Ọ̀nà kan kò wọ ọjà. Omi kì í gba Ọjọ́ta kọjá. Ọkọ̀ ojú omi ń ná láti Erékùṣù lọ sí etíkun Ìpakodò ní Ìkòròdú, ó sì ń gbé yín fo gbogbo wàhálà Kẹtú àti Mile 12.

Ṣùgbọ́n ẹ̀rù tó ń bà yín kì í ṣe ẹ̀rù òmùgọ̀. Ní ọjọ́ tí títì bá dí, gbogbo èèyàn ló ń sáré lọ sí etí omi, awakọ̀ a sì fẹ́ kó èrò ju iye tó yẹ lọ. Ibùdókọ̀ tí ìjọba mọ̀ sí ni kí ẹ ti wọ̀ ọ́, kì í ṣe etí omi tí ẹnìkan kàn so ọkọ̀ rẹ̀ mọ́. Ẹ wọ ẹ̀wù tó ń gbé èèyàn léfòó, kí ẹ sì so okùn rẹ̀ kí ọkọ̀ tó ṣí. Bí kò bá kárí gbogbo èrò, ẹ sọ̀ kalẹ̀. LASWA, àjọ tó ń mójú tó ọ̀nà omi Èkó, kò fàyè gba kí wọ́n kó èrò lálẹ́, ìdí rẹ̀ sì hàn: igi tó léfòó àti àwọ̀n apẹja kò ṣeé rí nínú òkùnkùn. Nítorí náà, bí aago mẹ́rin bá ti lù tí ẹ kò tíì dé ibi tí wọ́n ti ń wọkọ̀, ẹ gbàgbé omi lọ́jọ́ náà, kí ẹ yà sí ilé àkọ́kọ́ nínú mẹ́ta tí mo sọ.

*Ẹ̀yin àgbà, mo kí yín. Dánfó ni mo ń wà láti Agége lọ sí Ọ̀ṣọ́dì. Àwọn ẹgbẹ́ mi sọ pé bí èèyàn bá ti fi ewé sí iwájú ọkọ̀, kò sí olùwọ́de tí yóò dá a dúró. Ṣé òótọ́ ni? Kí ni kí n sì ṣe fún èrò mi bí ọlọ́pàá bá yin tajútajú?*
Bàbá Ṣadé, Agége

Bàbá Ṣadé, òótọ́ ni, dé ìwọ̀n àyè kan. Ewé tútù tí a fi há wáípà tàbí tí a so mọ́ díńgí ń sọ fún ẹni tó dínà pé, "Mi ò lòdì sí yín, ẹ jẹ́ kí n kọjá." Ó ti pẹ́ tí ojú títì ti mọ èdè yìí, kò sì ná èèyàn ní kọ́bọ̀. Ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo ẹni tó dúró nídìí táyà tó ń jó ló wá wọ́de. Àwọn kan wá gba owó ni, àwọn yìí kì í wo ewé. Bí ẹ bá bọ́ sí ọwọ́ wọn, ẹ sọ gíláàsì kalẹ̀ díẹ̀, ẹ kí wọn, ẹ fún wọn ní ohun tó bá wà lọ́wọ́, kí ẹ sì kìlọ̀ fún kọ̀ndọ́ yín pé kó pa ẹnu mọ́. Ẹnu kọ̀ndọ́ ti fọ́ gíláàsì ju òkúta lọ. Bí ẹ bá sì ti kọjá, ẹ já ewé náà dànù, nítorí ọlọ́pàá tàbí ṣọ́jà tó wà níwájú lè fi ojú mìíràn wò ó.

Ẹ má ṣe gba òdì láti sá fún ìdínà. Mo mọ̀ pé gbogbo èèyàn ni yóò máa yí padà lọ́jọ́ náà, ṣùgbọ́n òfin ìrìnnà Èkó fàyè gba kí ilé ẹjọ́ gba ọkọ̀ lọ́wọ́ ẹni tó bá gba òdì, wọ́n sì ti ta irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ ní gbàǹjo lójú gbogbo ayé. Ẹ rọra yà sí ilé epo tàbí àdúgbò tó bá wà nítòsí kí ẹ tó dé ibi tí èrò ti pọ̀, kí ẹ pa íńjìnnì, kí ẹ sì dá owó èrò tó bá fẹ́ sọ̀ kalẹ̀ padà fún un.

Ní ti tajútajú, bí ó bá wà níta, ẹ ti gbogbo fèrèsé. Bí ó bá ti wọ inú ọkọ̀, ẹ ṣí gbogbo ìlẹ̀kùn kí èrò bọ́ sílẹ̀, kí wọ́n kọjú sí ibi tí atẹ́gùn ti ń fẹ́ wá, kí wọ́n sì rìn lọ síbẹ̀. Ẹni tó bá kàn kò gbọdọ̀ fọwọ́ ra ojú. Omi mímọ́ ni kó dà sí i lọ́pọ̀lọpọ̀, kódà omi inú ọ̀rá wà fún un. Àwọn kan máa ń rẹ áńkáṣíìfù sínú kẹrosíìnì kí wọ́n fi bo imú, àwọn mìíràn a fi ọṣẹ ìfọyín kun abẹ́ ojú. Kẹrosíìnì kì í ṣe oògùn ojú.

*Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ ìwọ́de kan ní ọdún tó kọjá, mo ń ti ibi iṣẹ́ bọ̀ wálé, àwọn ọlọ́pàá sì kó mi mọ́ àwọn tó ń sá. N kò sí lára wọn. Àgọ́ wọn ni mo sùn, kò sẹ́ni tó sọ ohun tí mo ṣe fún mi. Ẹ jọ̀wọ́, kí ni òfin sọ?*
Ọmọ Mushin

Ọ̀rẹ́ wa, ẹ pẹ̀lẹ́. Abala 35 nínú ìwé òfin Nàìjíríà ti ọdún 1999 sọ pé ẹni tí wọ́n bá mú gbọ́dọ̀ gba ìdí tí wọ́n fi mú un ní kíkọ sílẹ̀ láàárín wákàtí 24, ní èdè tó gbọ́. Ó ní ẹ̀tọ́ láti dákẹ́ títí yóò fi bá agbẹjọ́rò tàbí ẹnikẹ́ni tó bá yàn sọ̀rọ̀. Bí ilé ẹjọ́ bá wà láàárín kìlómítà 40, kò gbọdọ̀ ju ọjọ́ kan lọ kí wọ́n tó gbé e dé iwájú adájọ́, ní Mushin sì rèé, ilé ẹjọ́ kò jìnnà. Abala 41 tún fún gbogbo ọmọ Nàìjíríà ní ẹ̀tọ́ láti rìn káàkiri orílẹ̀-èdè yìí.

Gbogbo èyí dára láti mọ̀, ṣùgbọ́n ẹ má ṣe kà á fún ẹni tó gbé ìbọn lọ́wọ́ létí títì lálẹ́. Níbẹ̀, ẹ jẹ́ kó rí ọwọ́ yín, ẹ pè é ní "ọ̀gá", ẹ fi káàdì ibi iṣẹ́ yín hàn án, ẹ má sáré. Inú àgọ́ àti iwájú adájọ́ ni abala 35 ti ń ṣiṣẹ́. Ẹ sì há nọ́ńbà fóònù èèyàn méjì sórí, nítorí fóònù ni ohun àkọ́kọ́ tí wọ́n máa ń gbà. Bí ó bá jẹ́ pé ẹ farapa tàbí ẹ rí ẹni tó farapa, 767 tàbí 112 ni ẹ óò pè ní Èkó, kò sì gba owó.

*Ọmọ mi ọkùnrin wà ní Yunifásítì Ìbàdàn, ìdánwò rẹ̀ ń parí lọ́jọ́ tí wọ́n kéde ìwọ́de sí. Ó fẹ́ wálé sí Ṣómólú lọ́jọ́ náà gan-an. Ọ̀nà wo ni kó gbà?*
Bàbá Akẹ́kọ̀ọ́, Ṣómólú

Ní oṣù Kẹwàá ọdún 2020, wọ́n dí ọ̀nà márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn ní Berger, ẹni tó bá wà nínú mọ́tò kò ní ibi tí yóò yà sí. Ọkọ̀ ojú irin tuntun kò tíì máa kó èrò nígbà náà. Oṣù Kẹfà ọdún 2021 ni wọ́n ṣí i. Mọ́níyà ló ti ń gbéra, kò sì jìnnà sí Yunifásítì, ó ń gba Abẹ́òkúta àti Agége kọjá títí dé Alágomẹ́jì ní Èbúté Mẹ́ta, kò sì ní ohunkóhun í ṣe pẹ̀lú Berger. Kí ó ra tíkẹ́ẹ̀tì sílẹ̀ ṣáájú ọjọ́ náà, kí ó sì mú ti àárọ̀ kí ilẹ̀ má bàa ṣú bá a ní Alágomẹ́jì, nítorí ó ṣì ku bí yóò ṣe dé Ṣómólú.

Ìyẹn ni ọ̀nà tó dára jù tí mo mọ̀. Ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ ọmọ tèmi ni, mo máa ní kó sùn sí họ́sítẹ́lì rẹ̀ kó wá lọ́jọ́ kẹta.