Kí o tó lọ ra jọ́ọ̀jì ní Chennai

Àbúrò mi, o ní oṣù kọkànlá lo fẹ́ lọ ra aṣọ jọ́ọ̀jì ní Chennai, ní Íńdíà, o sì ti ń kọ́ èdè Hindi sílẹ̀. Jọ̀ọ́, sún ìrìn àjò náà di oṣù kejì, kí o sì fi Hindi sílẹ̀ ná. Owó ara mi ni mo fi kọ́ ẹ̀kọ́ méjèèjì.

Òjò Chennai kì í bá ti ọ̀pọ̀ ìlú Íńdíà rìn. Láti oṣù kẹwàá sí oṣù kejìlá ló máa ń dà bolẹ̀ níbẹ̀. Ní 2015, omi bo ìlú náà débi pé wọ́n ti pápákọ̀ òfurufú pa. Ọdún tí èmi kọ́kọ́ lọ, mo kó ẹrù sílé ìkẹ́rùsí ẹni tó fẹ́ bá mi fi ránṣẹ́. Nígbà tí mo tú béèlì àkọ́kọ́ ní Balógun, òórùn ló kọ́kọ́ pàdé mi. Èbu ti hu wínníwínní sára àwọn tó wà nísàlẹ̀, àwọ̀ pupa sì ti ràn mọ́ funfun. Ìdajì owó ni mo tà wọ́n. Mo sunkún gan-an.

Ní ti èdè, fíìmù ló mú ká rò pé Hindi ni gbogbo Íńdíà ń sọ. Tamil ni wọ́n ń sọ ní Chennai, wọn kì í sì í fi í ṣeré. Ní 1965, ìjọba àpapọ̀ Íńdíà fẹ́ sọ Hindi nìkan di èdè ìjọba. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tú síta, ẹ̀mí sì ṣòfò. Mo sọ Hindi sí oníkẹ̀kẹ́ kan, ṣe ló gbójú sẹ́gbẹ̀ẹ́. Àfi ní àdúgbò Sowcarpet, tí àwọn oníṣòwò láti Rajasthan àti Gujarat pọ̀ sí, ló ti wúlò fún mi.

Ìyá tí mo dé sílé rẹ̀ ní Mylapore, àdúgbò kan ní Chennai, ló là mí lójú. Láàárọ̀ kùtù, á ti bẹ̀rẹ̀ síwájú ilé, á máa fi ìyẹ̀fun ìrẹsì ya àwòrán sílẹ̀. Kolam ni wọ́n ń pè é. Ibẹ̀ ló ti kọ́ mi pé "anna" ni ẹ̀gbọ́n ọkùnrin, "akka" ni ẹ̀gbọ́n obìnrin, "amma" ni ìyá. Ọmọ Yorùbá kọ́ ni wọn yóò ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ́ nírú ìyẹn! Lọ́jọ́ tí mo wọ Godown Street, òpópónà àwọn aláṣọ, tí mo kí ọlọ́jà kan pé "Vanakkam, anna," ṣe ló gbé àga fún mi. Ó ní kí wọ́n gbé kọfí wá, ó ń da á láti òkè sínú abọ́ títí ó fi yọ ìfófòó. Lẹ́yìn náà ló fa àwọn aṣọ kan yọ lábẹ́ pẹpẹ, àwọn tí kò fi hàn mí lọ́jọ́ tó ṣáájú.

Òwò wa pẹ̀lú wọn sì ti pẹ́. Ní 1639 ni àwọn oníṣòwò Gẹ̀ẹ́sì gba ilẹ̀ níbẹ̀, wọ́n kọ́ odi Fort St. George sí i. Orúkọ odi yẹn ni jọ́ọ̀jì wa ń jẹ́. Wọ́n kó ahunṣọ àti alágbàfọ̀ jọ sítòsí. Washermanpet ni àdúgbò àwọn alágbàfọ̀ ń jẹ́ dòní. Bí àwọn àgbà bá ní Madras, Chennai náà ni. 1996 ni wọ́n yí orúkọ padà.

Ọwọ́ ọ̀tún ni kí o fi sanwó, bíi tilé. Kí o tó san án, fi omi tútù rin áńkáṣíìfù funfun, kí o fi nu etí aṣọ náà dáadáa. Bí àwọ̀ bá ti ràn mọ́ áńkáṣíìfù náà, dá aṣọ náà padà.